Igbó Daintree, erékùṣù mẹ́ta àti òkìtì iyùn: ọjọ́ mẹ́sàn-án tí èmi àti ọkọ mi lò

Àbẹ̀kẹ́ Arìnrìnàjò kọ pé:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìròyìn àwọn tó ń lọ wo igbó àti òkun kiri ayé, ṣùgbọ́n èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi fúnra mi yóò kọ nǹkan sílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ tó kọjá, èmi àti ọkọ mi lo ọjọ́ mẹ́sàn-án ní àríwá ìpínlẹ̀ Queensland lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, níbi tí igbó kìjikìji Daintree ti sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè títí dé etí òkun, tí òkìtì iyùn tí gbogbo ayé mọ̀ sí Great Barrier Reef sì wà nínú omi níwájú rẹ̀. N kò wá béèrè bóyá ibẹ̀ dára, nítorí ó dára kọjá bí ẹnu ṣe lè ròyìn. Ohun tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò ni bí ó ṣe yẹ kí ènìyàn méjì ná àkókò wọn níbẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa.

Ọkọ mi fẹ́ràn ètò. Kí a tó gbéra ni ó ti kọ ohun tí a ó ṣe ní wákàtí kọ̀ọ̀kan sínú ìwé: ọjọ́ kìíní fún ìlú Cairns, ọjọ́ kejì fún Green Island, ọjọ́ kẹta fún Fitzroy Island, ọjọ́ kẹrin fún òkìtì iyùn tó jìnnà sí etíkun, ọjọ́ karùn-ún fún ọkọ̀ orí okùn tó ń gba orí igbó kọjá lọ sí Kuranda, ìletò kan lórí òkè, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ọjọ́ kẹsàn-án. Mo ka ìwé náà tán, mo ní, "Olówó orí mi, níbo la ti máa jókòó?" Ó ní inú ọkọ̀ ni.

Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́ lọ bí ìwé ṣe wí. A dé erékùṣù, a yí i po, a wẹ̀, a jẹun, ọkọ̀ gbé wa padà. Ní ọjọ́ kẹrin, ọkọ̀ ńlá kan gbé wa láti ìlú Port Douglas lọ sí Agincourt, ní etí òde òkìtì iyùn, níbi tí omi ti ń bọ́ sínú ibú. Ibi mẹ́ta ni ọkọ̀ náà dúró sí ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí ojú mi bá ti ń mọ́ ohun tí mo ń wò lábẹ́ omi ni wọn yóò fọn fèrè pé kí gbogbo ènìyàn gòkè. Láàárín ibì kejì sí ìkẹta, ìgbì ju ọkọ̀ sókè sódò tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi bi gbogbo oúnjẹ ọ̀sán, nítorí náà ibì kẹta, ilẹ̀ ọkọ̀ nìkan ni mo rí.

Ọjọ́ náà gan-an ni ètò ọkọ mi fọ́. Ó ti tẹ̀ lé olùkọ́ ìwẹ̀ ibú wọ inú ibú lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú àgbá afẹ́fẹ́ lẹ́yìn. Nígbà tó jáde, tó ń fi ayọ̀ sọ fún un pé òkè Kuranda ló kàn ní òwúrọ̀ ọjọ́ karùn-ún, olùkọ́ náà ní kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀: ẹni tó bá ti mí afẹ́fẹ́ inú àgbá lábẹ́ omi kò gbọdọ̀ wọ bàlúù, kò sì gbọdọ̀ gun òkè gíga, títí ọjọ́ kan gbáko yóò fi kọjá, nítorí afẹ́fẹ́ náítrójìn tó ti wọ inú ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ ráyè jáde ní ìwọ̀nba.

Bí ọjọ́ karùn-ún ṣe ṣófo nìyẹn. A wakọ̀ lọ sí Mossman Gorge, tí kò jìnnà, a sì jókòó sórí àpáta lẹ́bàá odò láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ní wákàtí kìíní, omi àti òkúta ni mo rí. Ní wákàtí kejì ni mo tó rí i pé alángbá kan tó ní ẹ̀gún lẹ́yìn ọrùn ti lẹ̀ mọ́ igi tó wà níwájú mi láti ìgbà tí a ti dé. Kò mira rárá. Bí mo bá sún sí ọ̀tún, òun náà á yí igi po díẹ̀ sí òdìkejì; bí mo bá sún sí òsì, á padà. A ṣe eré yìí títí tí ọkọ mi fi ń fi mí rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, òun náà dákẹ́, ó ń ka àwọn ẹja tó ń sáré nínú omi mímọ́ gaara náà.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ta kú pé n kò tẹ̀ lé ìwé mọ́. A sọdá odò Daintree, a sun oorun méjì níbẹ̀, ìgbà yẹn ni mo rí kásówárì, ẹyẹ ńlá inú igbó tí kò lè fò. N ó sọ ìyókù bí ẹ bá bi mí. Ìbéèrè mi ni pé: ẹ̀yin tí ẹ ti rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ rí pẹ̀lú ọkọ tàbí aya yín, ṣé ibi púpọ̀ ni ẹ ń lọ ni, àbí ibi díẹ̀ pẹ̀lú àkókò púpọ̀?

Ajíkẹ́ Etídò kọ pé:

Ẹ kú ọ̀rọ̀, Àǹtí Àbẹ̀kẹ́. Kí a tó dé orí kásówárì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀rù omi ń bà mí, n kò sì mọ ìwẹ̀ rárá. Ọkọ mi mọ̀ ọ́n bí ẹja. Ṣé orí ọkọ̀ ni n ó jókòó sí tí n ó máa ṣọ́ bàtà rẹ̀?

Àbẹ̀kẹ́ Arìnrìnàjò kọ pé:

Àbúrò mi, èmi náà kò mọ ìwẹ̀ dáadáa. Wọ́n á fún yín ní ẹ̀wù tó ń múni léfòó, ìbòjú onígíláàsì àti ọ̀pá tí a fi ń mí, ẹ ó kàn dojú bolẹ̀ lórí omi ni. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ibú Agincourt ní ibi àkọ́kọ́ tí ẹ ó ti gbìyànjú rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí jù, tí mo bojú wolẹ̀ tí n kò sì rí ìsàlẹ̀.

Low Isles ni mo ti gbádùn ara mi, ní ọjọ́ kẹjọ. Erékùṣù kékeré méjì ni wọ́n, kò jìnnà sí Port Douglas, omi tó yí wọn ká kò jìn, ó sì dákẹ́. Mo rọ̀ mọ́ ọ̀pá ìléfòó, mo dúró lórí iyùn kan ṣoṣo fún nǹkan bí wákàtí kan. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé òkúta ni iyùn. Nígbà tí mo pẹ́ lórí rẹ̀ ni mo rí i pé ìlú ni: ẹja kan wà tó ń lé gbogbo àwọn tó bá sún mọ́ oko rẹ̀, bó ti wù kí wọ́n tóbi tó, òmíràn wà tí àwọn ẹja ńlá ń wá bá kí ó lè bá wọn ṣa kòkòrò ara, wọ́n á sì la ẹnu sílẹ̀ bí ẹni tó wà níwájú onífárí. Ẹja ayékòótọ́, tí ẹnu rẹ̀ rí bí ti ẹyẹ, ń gé iyùn jẹ ràwẹ̀ràwẹ̀, mo sì ń gbọ́ ìró rẹ̀ lábẹ́ omi. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó tu iyanrìn funfun jáde láti ìdí. Afinimọ̀nà wa ní púpọ̀ nínú iyanrìn funfun tí a ń tẹ̀ ní etí omi, inú ẹja yìí ló ti jáde. Láti ìgbà náà, n kò jẹ́ kí iyanrìn wọ ẹnu mi mọ́.

Ìṣọ̀lá Onímáàpù kọ pé:

Ẹ jẹ́ kí n gbẹnu sọ̀rọ̀, èmi ni ọkọ tí wọ́n ń rojọ́ rẹ̀. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí ìyàwó mi kọ, àfi ibi tó sọ pé mo ní inú ọkọ̀ ni a ó ti jókòó. Mo ní inú ọkọ̀ àti ní ibi oúnjẹ.

Kí a má fi ètò ṣeré. Ibẹ̀ tóbi. Òkìtì iyùn náà gùn tó nǹkan bí kìlómítà 2,300, kì í sì ṣe ẹyọ kan, òkìtì bí 3,000 ló wà níbẹ̀. Ẹni tí kò bá yàn, tí kò bá mọ èyí tó fẹ́, yóò kàn bá ọkọ̀ tó kọ́kọ́ pè é lọ ni. Ètò mi ló jẹ́ kí a rí irú erékùṣù méjì tó yàtọ̀ síra, tí ọ̀pọ̀ àlejò máa ń pè ní ohun kan náà. Green Island, tó wà ní nǹkan bí kìlómítà 27 sí Cairns, inú òkun ló ti jáde: ìgbì ló ń kó àfọ́kù iyùn àti iyanrìn jọ sórí òkìtì títí ó fi yọrí, àwọn ẹyẹ gbé èso wá, igi hù, ó di igbó. Fitzroy ní tirẹ̀ jẹ́ orí òkè. Nígbà tí yìnyín ayé àtijọ́ mu omi òkun fà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ ni ènìyàn ì bá fi rìn dé ibẹ̀ láti orí ilẹ̀; nígbà tí yìnyín yọ́, omi gòkè, ó yí i ká, ó di erékùṣù. Ìdí nìyẹn tí ti àkọ́kọ́ fi tẹ́jú pẹrẹsẹ, tí èkejì sì jẹ́ àpáta gàgàrà tó ń mú kí orókún pariwo.

Ní ti Low Isles tí ìyàwó mi ń yìn, èmi ni mo fi í sínú ìwé. Mo yàn án nítorí ìtàn rẹ̀: ilé iná atọ́nà ọkọ̀ tó wà níbẹ̀ ti wà láti 1878, ibẹ̀ sì ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Maurice Yonge ṣáájú wọn, gbé fún bí ọdún kan ní 1928 sí 1929 láti mọ bí iyùn ṣe ń jẹ, tó ń dàgbà. Ọdún kan lórí erékùṣù kan. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ń gbè sẹ́yìn ìyàwó mi.

Nípa kásówárì, mo jẹ̀bi.

Ajíkẹ́ Etídò kọ pé:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀bi wo ni?

Ìṣọ̀lá Onímáàpù kọ pé:

Ní ọjọ́ keje, òjò ṣẹ́ díẹ̀ ní òwúrọ̀, a sì lọ sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà onípákó tí wọ́n tẹ́ gba inú igbó ní Cape Tribulation. Ìyàwó mi jókòó sórí àga onígi, ó ní ibẹ̀ ni òun wà. Mo ní kí n yára lọ wo ọ̀nà kejì kí n sì padà. Nígbà tí mo padà, ó gbé ìka sí ẹnu, ojú rẹ̀ kún fún omijé, kò sì sí nǹkan kan níwájú rẹ̀ bí kò ṣe ewé. Àwòrán tó fi hàn mí ló jẹ́ kí n mọ̀ pé akọ kásówárì kan kó ọmọ mẹ́ta kọjá, kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí i lọ. Ọdún púpọ̀ ni mo ti fi ń fẹ́ rí ẹyẹ yẹn.

Olùṣọ́ Igbó kọ pé:

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Ìṣọ̀lá. Mo ti gbé ní ẹkùn náà fún ìgbà pípẹ́, mo sì mọ àwọn tó ń gbé níbẹ̀ tí kì í rí i fún oṣù mélòó kan. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni bá fara balẹ̀ pa èèrà, yóò rí ìfun inú rẹ̀. Ìyàwó yín ti rí ti èèrà.

Kí n fi kún un fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹyẹ ńlá tí kò lè fò ni kásówárì, ó ga tó ènìyàn, ọrùn rẹ̀ búlúù, ohun líle kan bí àṣíborí sì wà lórí rẹ̀. Akọ ló ń sàba lé ẹyin, òun náà ló ń tọ́ àwọn ọmọ fún bí oṣù mẹ́sàn-án. Abo á yé ẹyin tán, á bá tirẹ̀ lọ. Èso igbó ló ń gbé mì lódidi, a sì máa fi ìgbẹ́ gbin kóró wọn síbi tó jìnnà. Àwọn igi kan wà níbẹ̀ tí kóró wọn tóbi débi pé kò sí ẹranko mìíràn tó lè gbé e rìn jìnnà. Bí ẹyẹ yìí bá tán, igbó náà yóò máa yí padà díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó fi àáké kàn án. Nítorí náà ẹ má ṣe fún un ní oúnjẹ láéláé. Èyí tó bá ti mọ ọwọ́ ènìyàn á máa dúró ní ojú títì, mọ́tò á sì gbá a. Òmíràn á máa bínú bí àlejò kò bá mú oúnjẹ dání, èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè ya ènìyàn. Bí ó bá sún mọ́ yín, ẹ má sáré, ẹ má kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹ gbé àpò yín síwájú àyà, kí ẹ máa fi ẹ̀yìn rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Igbó náà fúnra rẹ̀ ti wà láti ayé àwọn ẹranko ńláńlá àtijọ́, ó ju 100 mílíọ̀nù ọdún lọ. Igi kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Idiospermum, tí gbogbo ènìyàn rò pé ó ti parun, àfi ìgbà tí màlúù kú ní àgbègbè Daintree ní 1971, tí wọ́n la inú wọn, tí wọ́n sì bá kóró rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wo irú ọ̀nà tí igi gbà kéde ara rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń bọ̀, ẹ kíyè sí ewéko kan tí ewé rẹ̀ fẹ̀ bí ọkàn, tí irun wẹ́wẹ́ bo gbogbo ara rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní gympie-gympie. Irun náà ń wọ awọ ara bí abẹ́rẹ́, ìrora rẹ̀ sì lè máa padà wá fún oṣù púpọ̀. Ẹ má kúrò lórí ọ̀nà tí wọ́n là. Ẹ má sì dúró ní bèbè odò tàbí ní àárín àwọn igi ẹ̀gbà tí gbòǹgbò wọn wà nínú omi iyọ̀, nítorí ọ̀nì omi iyọ̀ wà níbẹ̀, kì í sì í fọn fèrè bí ti ọkọ̀ Àǹtí Àbẹ̀kẹ́.

Ọ̀rọ̀ Òdodo kọ pé:

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Mo ti kà á lọ́pọ̀ ìgbà pé òkìtì iyùn yẹn ti kú tán. Bí ó bá ti kú, kí ni ẹ ń fi owó wò? Bí kò bá sì tíì kú, ṣé bàlúù tí ẹ wọ̀ lọ, tí èéfín rẹ̀ ń mú ayé gbóná, kò kún ara ohun tó ń pa á? N kò bá ẹnikẹ́ni jà o, ìbéèrè ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkun kọ pé:

Ìbéèrè tó yẹ ni, ẹ jẹ́ kí n dá a lóhùn, nítorí iyùn ni mo ń kọ́ nípa rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́.

Kò tíì kú, ṣùgbọ́n ó ti fara gbọgbẹ́. Ẹranko ni iyùn, kì í ṣe òkúta. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹranko kéékèèké ló so mọ́ra wọn tí wọ́n sì ń kọ́ ilé ẹfun sí abẹ́ ara wọn. Nínú ẹran ara wọn ni àwọn ewé omi tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí ń gbé: iyùn pèsè ilé, ewé ń fi oòrùn se oúnjẹ, ó sì ń fún onílé ní èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwọn ewé wọ̀nyí náà ló ń fún iyùn ní púpọ̀ nínú àwọ̀ rẹ̀. Bí omi bá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àjọgbé náà á bàjẹ́, iyùn á lé àwọn ewé náà jáde, á sì funfun báláú. Iyùn tó funfun kò tíì kú. Ebi ló ń pa á. Bí omi bá tètè tutù, àwọn ewé lè padà. Bí kò bá tutù, á kú, ewédò jákujàku á sì bo egungun rẹ̀.

Irú fífunfun bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ káàkiri òkìtì náà ní 1998 àti 2002, ó sì tún ṣẹlẹ̀ ní 2016, 2017, 2020, 2022 àti 2024. Ẹ wo bí àlàfo ṣe ń kéré sí i. Iyùn tó ń yára hù nílò bí ọdún mẹ́wàá láti bo ilẹ̀ padà, ẹni tí a ń lù tí a kò sì jẹ́ kó mí ni ó jọ. Ṣùgbọ́n nítorí pé òkìtì bí 3,000 ni, ìyà kì í kàn wọ́n dọ́gba. Omi tútù ń gòkè láti inú ibú ní ibi kan, ìkùukùu ń bo ibòmíràn, nítorí náà ẹni méjì lè lọ ní ọ̀sẹ̀ kan náà, kí ọ̀kan rí ọgbà, kí èkejì rí ibojì, kí àwọn méjèèjì sì sọ òtítọ́.

Ní ti bàlúù, n kò ní purọ́ fún yín: ó kún un. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ọjọ́ tí àlejò bá lo níbẹ̀, owó ìtọ́jú kan wà tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ owó ọkọ̀, ó sì ń lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣàkóso ọgbà òkun náà. Àwọn ọkọ̀ arìnrìn-àjò kan tún ní àwọn awẹ̀bú tó ń pa ẹja ìràwọ̀ ẹlẹ́gùn-ún tó ń jẹ iyùn run. Ìdáhùn mi kò pé. Bí mo bá fẹ́ lọ, n ó lọ lẹ́ẹ̀kan, n ó pẹ́ níbẹ̀, n kò ní máa lọ lọ́dọọdún fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta.

Ọ̀rọ̀ Òdodo kọ pé:

Mo gba ti pé kí a lọ lẹ́ẹ̀kan, kí a sì pẹ́ níbẹ̀. Ti bàlúù kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé ẹ kò fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó mọ́lẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: kí ni igbó ní í ṣe pẹ̀lú iyùn tí ẹ fi ń sọ wọ́n pọ̀ bí ìbejì?

Olùṣọ́ Igbó kọ pé:

Omi ni. Òjò tó ń rọ̀ sórí àwọn òkè ibẹ̀ wà lára èyí tó pọ̀ jù lọ ní Ọsirélíà. Bí igi bá bo òkè, gbòǹgbò á di ilẹ̀ mú, ewé jíjẹrà á sẹ́ omi, odò tó mọ́ ni yóò dé òkun. Bí wọ́n bá gé igi tí wọ́n sì gbin ìrèké, bí wọ́n ti ṣe ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ títẹ́jú tó wà ní gúúsù ibẹ̀, ẹrẹ̀ àti ajílẹ̀ á wọ́ lọ bo iyùn, a sì máa bọ́ àwọn ọmọ ẹja ìràwọ̀ tí Akẹ́kọ̀ọ́ Òkun mẹ́nu kàn. Igi ẹ̀gbà ló dúró láàárín méjèèjì bí asẹ́. Nítorí náà ni ó fi dára pé wọ́n kọ Great Barrier Reef sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ní 1981, tí wọ́n sì kọ igbó náà síbẹ̀ ní 1988. Ní etíkun Daintree, ẹsẹ̀ kan lè wà nínú ọ̀kan kí èkejì wà nínú ìkejì.

Ẹ má sì gbàgbé àwọn onílẹ̀. Àwọn Eastern Kuku Yalanji ti ń gbé níbẹ̀ kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó dé. Ibi tí wọ́n ń pè ní Cape Tribulation, Kulki ni orúkọ rẹ̀ lédè wọn. James Cook, atukọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fún un ní orúkọ Tribulation, tó túmọ̀ sí ìpọ́njú, ní oṣù kẹfà ọdún 1770, nítorí pé ìtòsí ibẹ̀ ni ọkọ̀ rẹ̀ ti kọlu òkìtì iyùn lóru. Ìpọ́njú ẹni kan di orúkọ ilé ẹlòmíràn. Ní 2021, ìjọba dá ilẹ̀ ọgbà Daintree padà fún àwọn onílẹ̀, wọ́n sì jọ ń ṣàkóso rẹ̀. Bí ẹ bá lè bá ọ̀kan nínú wọn rìn ní Mossman Gorge, ẹ bá a rìn. Ewé tí ẹ̀yin rí bí ewé lásán, òun á sọ èyí tó jẹ́ ọṣẹ àti èyí tó jẹ́ oúnjẹ.

Ìyàwó Tuntun kọ pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. A ṣe ìgbéyàwó ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọjọ́ mẹ́fà péré sì ni a ní. Ọkọ mi fẹ́ gbogbo rẹ̀: igbó, erékùṣù mẹ́ta, òkìtì, Kuranda. Oṣù wo ni kí a lọ, kí ni kí a yọ kúrò?

Àbẹ̀kẹ́ Arìnrìnàjò kọ pé:

Ẹ kú oríire, ọmọ mi. Ẹ yọ Kuranda. Ẹ yan erékùṣù kan, kí ó jẹ́ Low Isles. Ẹ sun oorun méjì níhà kejì odò Daintree, nítorí àwọn tó bá lọ lówùúrọ̀ tí wọ́n sì padà nírọ̀lẹ́ kì í gbọ́ igbó náà ní òru, òru ló sì ń sọ̀rọ̀. Bí ọkọ yín bá fẹ́ lọ sí òkìtì tó jìnnà, ẹ wá ọkọ̀ tó ń dúró sí ibì kan ṣoṣo ní gbogbo ọjọ́, kí ẹ sì lo oògùn èébì kí ẹ tó wọ̀ ọ́, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí ìgbì.

Olùṣọ́ Igbó kọ pé:

Láti oṣù kẹfà sí ìkẹwàá ni kí ẹ lọ. Láti oṣù kọkànlá sí ìkarùn-ún ni jẹ́lífíìṣì olóró, ẹranko òkun rírọ̀ tó ń ta ènìyàn, máa ń wà lẹ́bàá etíkun, ẹ kò sì gbọdọ̀ wẹ̀ nígbà náà láìwọ ẹ̀wù tó bo gbogbo ara. Fínígà tí ẹ ó rí nínú ìgò ní ẹ̀bá òkun, wọn kò fi se oúnjẹ, ojú ibi tí jẹ́lífíìṣì bá ti ta ènìyàn ni wọ́n ń dà á sí. Oṣù kejìlá sí ìkẹrin ni ti òjò ńlá àti ìjì. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, ìjì tí wọ́n pè ní Jasper wọ ilẹ̀ nítòsí ìletò Wujal Wujal, àgbàrá àti ilẹ̀ tó ya lulẹ̀ sì dí ọ̀nà Daintree pa.

Ìṣọ̀lá Onímáàpù kọ pé:

Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀ àfi ọ̀kan. Ẹ má yọ Fitzroy kúrò bí ọkọ yín bá fẹ́ràn òkè, nítorí láti ṣóńṣó rẹ̀ ni ẹ ó ti rí igbó, òkun àti òkìtì lẹ́ẹ̀kan náà, tí àwọ̀ omi á sì fi ibi tí iyùn wà hàn yín kedere. Kí ó wà ní ọjọ́ tó ṣáájú ìwẹ̀ ibú, kó má ṣe jẹ́ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Ẹ ti mọ ìdí.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkun kọ pé:

Bí ẹ bá lè fara da ẹ̀wù jẹ́lífíìṣì, ẹ̀yin tó ń padà lọ, ẹ ro oṣù kọkànlá wò. Ní òru mélòó kan lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú, ọ̀pọ̀ irú iyùn á tú ẹyin àti àtọ̀ sílẹ̀ papọ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, omi á sì kún fún hóró pupa rẹ́súrẹ́sú tó ń léfòó lọ sókè. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ kò mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Ìṣọ̀lá Onímáàpù kọ pé:

Òru wo gan-an? Aago mélòó?

Àbẹ̀kẹ́ Arìnrìnàjò kọ pé:

Ẹ má dá a lóhùn o, ó ti mú ìwé jáde.

Akẹ́kọ̀ọ́ Òkun kọ pé:

Ẹ̀gbọ́n, kò sí ẹni tó lè búra fún yín. Nígbà mìíràn òru kẹrin lẹ́yìn òṣùpá ni, nígbà mìíràn òru kẹfà, nígbà mìíràn wọ́n á sún un sí oṣù tó tẹ̀ lé e. Ẹ ó kàn wà níbẹ̀, kí ẹ máa dúró ni.

Ìṣọ̀lá Onímáàpù kọ pé:

Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀: "òru mẹ́rin, dídúró." Ìyàwó mi ti fọwọ́ sí i.